Àpò Ọ̀kadà Tí Òjò Kò Lè Wọ̀: Iṣẹ́ Ayé Bàbá Gbádé ní Fìdítì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ọ̀gá mi ló ní kí n bá àwọn kọ èyí fún yín. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n bí wọ́n bá mú bírò. Mo sọ fún wọn pé ìwé mi kò tó nǹkan, pé ọdún kan péré ni mo lò ní sẹ́kọ́ńdírì.

Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ á-bí-dí?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ó ti tó nìyẹn. Kọ ohun tí mo bá sọ, kí o sì kọ èyí tí ojú tìrẹ náà rí. Má fi iyọ̀ sí i."

Orúkọ tí gbogbo Fìdítì mọ̀ wọ́n sí ni Bàbá Gbádé Alápò. Àpò tí àwọn ọlọ́kadà ń so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, tàbí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà méjèèjì, ni wọ́n ń rán, irú èyí tí òjò kò lè wọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti jókòó sójú kan náà létí títì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣọ́ bí ẹyin ojú: kí ẹnikẹ́ni má lè dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kó sọ pé àpò Bàbá Gbádé jò. Ọjọ́ kan dé tí ẹnìkan dúró síbẹ̀ tó sọ ọ́. Èmi ni mo fà á. Màá dé ibẹ̀.

Ìlọrà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onítapólì. Tapólì ni aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí lọ́rì kí òjò má baà pa á. Ọ̀gá mi kò sọ púpọ̀ lórí bí wọ́n ṣe débẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá mi mú mi lọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n padà sílé. Ó parí." Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn kò fẹ́ dákẹ́ mọ́.

"Ọdún kan gbáko," ni wọ́n wí, "títú ni mo ń tú. Wọ́n á gbé tapólì tó ti gbó fún mi, wọ́n á ní kí n tú okùn ìrán rẹ̀ láì já a. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe ẹrú ni. Ìgbà tí wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ti mọ gbogbo ọ̀nà tí okùn ń gbà. Ẹni tí kò bá mọ títú, rírán rẹ̀ kò lè dá a lójú.

"Bí a bá wá rán tuntun parí, Bàbá Onítapólì kì í yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Wọ́n á dúró de òjò. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á ta aṣọ náà sórí ọ̀pá mẹ́rin, wọ́n á ní kí ẹni tó rán an lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ dá rán, òjò ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo jókòó, mo ń yangàn. Ó ṣe díẹ̀, nǹkan tútù kán sí mi lọ́rùn. Mo yẹ orí. Ó tún kán. Bàbá náà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè.

"Wọ́n ní, 'Ibo ló ń kán sí ọ?'

"Mo ní, 'Kò kán, sà.'

"'Kí ló dé tí o wá ń mi orí bí alángbá?'

"'Ó ń kán sí ọrùn, sà.'

"'Ó dáa. Dìde, fi ìka dí ihò náà.'

"Mo dìde, mo fi ìka dí i. Mo rò pé wọ́n á ní kí n jókòó láìpẹ́. Wọn kò wò mí mọ́. Bí mo ṣe dúró nìyẹn títí òjò fi dá, tí apá mi kú pátápátá. Ìgbà tí wọ́n jáde, wọ́n kàn sọ pé, 'Lọ́rì kò ní ìka tó máa fi dí ihò.' Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rán nǹkan bí ẹni tó máa jókòó sábẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n padà sí Fìdítì, wọ́n ń rán tapólì lọ́rì. Ayé sì yí padà. Lọ́rì tó ń wọ oko dín kù, ọ̀kadà pọ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn, òun ló ń gbé gàrí, òun náà ló ń gbé ìwé tíṣà. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan láti Ìlọrà sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹkúntẹkún. Òjò ti pa elùbọ́ rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ti lẹ̀ pọ̀ bí amọ̀ ìkòkò. Ọ̀gá mi wo àjákù tapólì tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn ọ̀kadà, wọ́n ní kí ìyá náà padà wá lọ́jọ́ kẹta. Bí iṣẹ́ àpò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò kọ́kọ́ dùn ún ṣe. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ní ara aṣọ, ihò ni, omi kò sì kọ ihò kékeré. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi àbẹ́là pa ojú ìrán, oòrùn yọ́ ọ dànù. Wọ́n wá lo ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ihò òrùlé. Omi kò wọlé lóòótọ́. Àmọ́ ọlọ́kadà kan tó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà so àpò ọlọ́dà yìí mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú sùtánà funfun báláú. Oòrùn mú gan-an. Kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà ti fa ìlà gbọọrọ sí i lẹ́yìn láti ìbàdí dé èjìká.

Ó padà wá pẹ̀lú ìbínú. "Bàbá Gbádé! Gbogbo ìjọ ló ń bi mí pé ibo ni mo sùn mọ́jú. Wòlíì ní kí n máa gbààwẹ̀!"

Ọ̀gá mi fọ sùtánà náà fúnra wọn. Kò mọ́. Wọ́n ra òmíràn fún un.

Ọ̀dọ̀ fọganáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ni wọ́n ti rí ọgbọ́n tó ṣe é. Wọ́n ń wò ó bó ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ tíúbù, tó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, tí afẹ́fẹ́ kankan kò hó jáde nínú omi náà. Wọ́n ní, "Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà jáde, omi wo ló máa rí ọ̀nà wọlé?" Láti ìgbà náà, wọ́n ń gé tíúbù àlòkù ní tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìrán láti inú. Owó tíúbù àlòkù kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi lè ra àpò wọn.

Ẹnu àpò náà wá ńkọ́? Ọ̀gá mi kì í fi síìpù sí i. Wọ́n ní síìpù dára lójú, àmọ́ eyín ni, àlàfo sì máa ń wà láàárín eyín. Kíká ni wọ́n ń ká ẹnu àpò tiwọn, bí ẹní ni wọ́n ń ká a, nígbà mẹ́ta, kí wọ́n tó fi bẹ́líìtì fún un lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tí àpò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà, pẹ̀lú síìpù tó ń dán, àwọn èèyàn sá lọ rà á. Òjò oṣù kan péré, wọ́n padà wá. Eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa. Kò bọ̀wọ̀ fún àpò òkèèrè náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí kò wọ́n, ohun tí ọ̀gá mi máa ń sọ rèé. Ẹ máa sá fún aṣọ tó bá ní ìlà funfun bí ẹ bá ká a mọ́ra, nítorí oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹ yí inú àpò síta kí ẹ wo ojú ìrán. Bí ẹ bá rí okùn lásán, ẹ gbé e sílẹ̀. Tapólì àlòkù tó lágbára sàn ju tuntun tó fẹ́lẹ́. Aṣọ ìpolówó tí àwọn olóṣèlú ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ títì náà dára, bí ìdìbò bá ti parí, ó máa ń pọ̀ nílẹ̀. Apá tí àwòrán ojú olóṣèlú wà la máa ń yí sínú. Ọlọ́kadà kan bi ọ̀gá mi léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Kó lè rí ohun tí ẹ ń jẹ."

Kò sí àpò tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì gba ìdánwò. Wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ elùbọ́ gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ká ẹnu rẹ̀, a ó sì da garawa omi mẹ́ta lé e lórí. Wọ́n á tú u, wọ́n á fẹ́ elùbọ́ náà lẹ́nu. Bó bá fò bí eruku, àpò ti yege. Bó bá lẹ̀, wọ́n á mú abẹ, wọ́n á la ìrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú ẹni tó rán an. Tèmi tí wọ́n là lọ́dún àkọ́kọ́, n kò lè kà á. Mo máa ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún. Bí mo bá padà, wọ́n á ti fi okùn sí abẹ́rẹ́ tuntun dè mí.

Irin iṣẹ́ sì ń yí padà. Òlù tí a fi ń lu ihò ni wọ́n kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, lẹ́yìn náà ẹlẹ́sẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fẹ́ ooru jáde, tó ń yọ́ etí tapólì méjì mọ́ra wọn láì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ì bá bú u. Ọ̀gá mi di ẹ̀rọ náà mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Láti kékeré ni mo ti ń lu ihò tí mo tún ń wá bí mo ṣe máa dí i. Ẹ wo ohun tó ń rán nǹkan láì lu ihò!" Wọ́n ní kí n wá kọ́ wọn bí a ṣe ń lò ó, nítorí èmi ni mo lè wo àwòrán tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ọmọṣẹ́ ń kọ́ ọ̀gá. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Àṣà kan wà tí wọn kò jẹ́ kó yí padà. Ẹni tó bá gbé àpò fún oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó tó fi í sílẹ̀, oníbàárà náà sì gbọ́dọ̀ tún un sọ. Ìkíní, ká ẹnu rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ìkejì, má jẹ́ kó fara kan sàlẹ́ńsà ọ̀kadà. Ìkẹta, má fi ohun tó ń gbóná sínú rẹ̀, nítorí ibi tí omi kò lè wọ̀, ooru kò lè jáde níbẹ̀.

Ọlọ́kadà kan pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé àpò ni mo wá rà ni àbí mo wá ka kátíkísìmù?"

Wọ́n ní, "Méjèèjì ni. Tún un sọ."

Ojú máa ń tì mí láti kékeré. Bí èèyàn bá ti pọ̀ ju méjì lọ, ohùn mi á wọlé lọ. Ọ̀gá mi mọ̀, àwọn fúnra wọn ló ń gbé àpò fún oníbàárà. Àmọ́ lọ́dún kan, nígbà òjò, orúnkún wọn wú. Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń yan gàrí ní Akínmọ̀ọ́rìn, ti béèrè àpò ńlá kan, ó sì fẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní kí n gun ọ̀kadà lọ gbé e fún un.

Mo bá àwọn obìnrin bíi mẹ́fà nídìí ààrò. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Ọ̀kan ní, "Ta nìyí? Ọmọṣẹ́ Bàbá Gbádé ni? Ó mà rẹwà o!"

Èkejì ní, "Ẹ bi í bóyá ó ní ahọ́n."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àpò náà fún Ìyá Bọ́sẹ̀, mo ní ọ̀gá ní kí n kí wọn. Gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú agbada wà lórí àtẹ, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ó dé lákòókò! Bọ́sẹ̀ máa kó gàrí yìí dání lọ́la." Mo rí èéfín náà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ojú tì mí láti sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo dìde, mo gun ọ̀kadà tó gbé mi wá.

Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ṣé o sọ fún un?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

N kò mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni Bọ́sẹ̀ ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pé wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, pé lálẹ́ ọjọ́ náà, bí gàrí náà ṣe ń gbóná lọ́wọ́, ó di ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lé e lórí nínú àpò kan ṣoṣo, tó ká ẹnu rẹ̀ pinpin nítorí òjò. Òjò náà pa á lórí ọ̀kadà láti Akínmọ̀ọ́rìn dé Jóbẹ̀lẹ̀, níbi tó ti wọ mọ́tò. Nígbà tó tú àpò náà níwájú àwọn tó ń yẹ ìwé wò, gàrí ti lẹ̀ pọ̀, ìwé ti rin gbingbin. Sátífíkéètì ṣì ṣe é kà, ṣùgbọ́n ìwé tí hẹ́dímásítà fi bírò kọ nípa ìwà rẹ̀ ti di aró. Wọ́n ní kó mú òmíràn wá kí ọjọ́ méjì tó pé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó máa retí ọdún tó ń bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Bọ́sẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. "Bàbá Gbádé! Àpò yín jò! Ẹ ti ba ọjọ́ iwájú ọmọ mi jẹ́!"

Àwọn ọlọ́kadà sáré pé jọ. Ọ̀gá mi kò jiyàn. Wọ́n gba àpò náà, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n bu elùbọ́ sí i, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kadà fúnra wọn da omi lé e. Wọ́n da garawa mẹ́ta, wọ́n da ìkẹrin. Ọ̀gá mi tú u, wọ́n fẹ́ ẹ. Elùbọ́ fò lọ sí ojú gbogbo wa.

Ariwo sọ. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ ò ká ẹnu ẹ̀ ni!" "Ẹ gbàgbé, ẹ ṣí i lójú ọ̀nà!" "Kẹ́ ẹ kúkú sọ pé omijé yín ló wọ inú ẹ̀!"

Ìyá náà kò yẹsẹ̀. "N kò purọ́. Mo fi Bọ́sẹ̀ búra, ọmọ náà kò ṣí i."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá mi ti gbé orí sókè. Orúkọ wọn ti mọ́, gbogbo Fìdítì ti jẹ́rìí sí i. Bí mo bá dákẹ́, ó parí. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àmọ́ bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ti ọmọ ọlọ́mọ ló máa bá mi dákẹ́, kì í ṣe tèmi.

Mo ní, "Ooru gàrí ni."

Ọlọ́kadà kan ní, "Kí ló wí?"

Ọ̀gá mi wò mí. "Sọ ọ́ sókè, Àbẹ̀kẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ooru gàrí ló di omi nínú àpò. Gàrí náà ń gbóná, mo rí i. N kò sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà fún màmá. Ojú tì mí. Mo sì parọ́ fún yín pé mo sọ ọ́, sà."

 Mo rò pé wọ́n máa lé mi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi fi ọwọ́ ti orúnkún wọn, wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà níwájú Ìyá Bọ́sẹ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kò purọ́. Àpò mi kò jò, ṣùgbọ́n àbọ̀ iṣẹ́ ni mo tà fún yín. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára àpò náà. Ẹ má bínú."

Ìyá náà ní, "Bàbá, ẹ dé fìlà yín. Báwo ni ọmọ mi ṣe máa padà débẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú orúnkún wíwú, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà, sílé hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì. Èmi náà wà lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ bàbá náà ń falẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú pípẹ́ lórí ìlà kan. Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá náà ti ṣe hẹ́dímásítà rí kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ọ̀gá mi kò jókòó títí a fi fi ìwé náà lé Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́, òun nìkan nínú ọ̀rá, nínú àpò kékeré tí wọ́n rán lóru mọ́jú ọjọ́ náà. Bọ́sẹ̀ padà lọ kí ọjọ́ méjì tó pé. Wọ́n gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá mi kó gbogbo abẹ́rẹ́ wọn sínú agolo kan, wọ́n gbé e fún mi. Mo ní ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni. Wọ́n ní rárá.

"Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé àpò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́. Iṣẹ́ tí n kò lè fi lé èèyàn lọ́wọ́ kí n sì bá a sọ̀rọ̀, àbọ̀ ni. N kò kọ́ àbọ̀ iṣẹ́."

Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀ wọ́n. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn náà bẹ̀ wọ́n. Wọn kò gbà. Bí wọ́n ṣe fẹ̀yìntì nìyẹn.

Èrò mi ni pé ṣọ́ọ̀bù náà máa kú mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí gbogbo ìlú ló gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo jókòó tí ẹnikẹ́ni kò yà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kadà mẹ́rin dúró. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ṣíwájú, àwọn aláyan gàrí Akínmọ̀ọ́rìn tẹ̀ lé e, títí kan èyí tó ní kí wọ́n bi mí bóyá mo ní ahọ́n. Gbogbo wọn ló fẹ́ ra àpò.

Mo ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ rí ọ̀gá? Wọn kò sí níbí mọ́."

Ó jókòó sórí àga tí ọ̀gá mi máa ń jókòó sí. "Mo mọ̀. Ìwọ ni a wá bá. Ẹni tó bá lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú gbogbo ọjà, nígbà tí ì bá dákẹ́ kó jàre, kò lè ta àpò jíjò fún mi. Ó yá, bá mi wọn èyí tó máa gba gàrí tèmi."